Garawa Tí Awakọ̀ Kọ̀ Láti Dà

"Ẹ dà á. Ẹ dà á sílẹ̀ níbí, níṣojú gbogbo wa, ká jọ rí nǹkan tó wà nínú ẹ̀."

Ohùn Abẹ́rẹ́ ti kọjá ohùn tí èèyàn fi ń sọ̀rọ̀. Ó ti di èyí tó ń mú kí àwọn ará òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ṣí fèrèsé. Àwọn aládùúgbò tó jókòó sórí bẹ́ńṣì káńsù ti dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sún mọ́ ebè ata rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sún mọ́ ọn jù.

Awakọ̀ gbé garawa ìbomirin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Garawa aláwọ̀ ewé ni, irú èyí tí káńsù pín fún gbogbo wọn, tó ní ẹnu gígùn bí ọrùn ẹyẹ.

"Ìyàwó, fi garawa yìí sílẹ̀," ló wí.

"Kí n fi í sílẹ̀ kẹ̀. Ṣebí omi lẹ sọ pé ẹ fi ń rin ata mi. Omi wo ló ń ti èèyàn lójú tó fi ń gbé e sẹ́yìn?"

"Mo ní fi í sílẹ̀."

"Ẹ ò dà á, àbí? Ẹ ò dà á. Gbogbo yín ẹ rí i pé wọn ò dà á."

Ọ̀rọ̀ garawa yìí ti ń bọ̀ tipẹ́. Kò bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Abẹ́rẹ́ kọ́ ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Aránṣọ ni. Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, nídìí máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ kan tó ti dán níbi tí àtẹ́lẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ ni àdúgbò rí tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ahọ́n yẹn a gún ọ wọlé, a gún ọ jáde, a sì ti ta ọ́ ní kókó kí o tó mọ̀ pé ìwọ ni wọ́n ń rán.

Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni ilẹ̀ òfìfo kan wà tẹ́lẹ̀, láàárín ìlà ilé méjì. Ibẹ̀ ni gbogbo ayé ń da ìdọ̀tí sí: bẹ́ẹ̀dì tó ti tú, táyà tó ti là, fíríìjì tí kò ní ilẹ̀kùn mọ́. Káńsù dé lọ́jọ́ kan, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ. Wọ́n da ilẹ̀ dúdú síbẹ̀, wọ́n fi pákó ya ebè kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, wọ́n ri ẹ̀rọ omi mọ́ àárín, wọ́n sì to bẹ́ńṣì yí i ká. Gbogbo bẹ́ńṣì náà kọjú síra wọn bí ìgbà tí ẹbí fẹ́ ṣèpàdé. Wọ́n ní kí àwọn aládùúgbò wá máa gbin nǹkan níbẹ̀, kí wọ́n lè mọ ara wọn.

"Kí la fẹ́ fi mímọ̀ ara wa ṣe?" ni Abẹ́rẹ́ bi àbúrò rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé. "Káńsù tí kò tíì tún gọ́tà iwájú ilé yìí ṣe láti ọjọ́ tí mo ti dé ọ̀dọ̀ ọkọ, òun ló wá ń bá mi wá ọ̀rẹ́ kiri."

Àbúrò ń tú ìsàlẹ̀ ṣòkòtò kan, kò gbójú sókè. "Ó lè jẹ́ pé wọ́n kàn fẹ́ ṣe wá lóore ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Oore. Káńsù rẹ́rìn-ín sí mi láàárọ̀ yìí, ńṣe ni mo sáré wọlé lọ ka eyín ara mi, bóyá ó ṣì pé."

Síbẹ̀ ó gba ebè. Ohun tó mú un gbà á kò ju agolo bọ́tìnì kan lọ.

Ọkọ rẹ̀, tó ń tún aago ṣe nígbà ayé rẹ̀, ní ata kan tó máa ń gbìn sínú àwọn abọ́ fífọ́ lẹ́yìnkùlé. Ata gígùn ni, pupa bẹ̀lẹ̀jẹ̀, tó tẹ̀ ní ṣóńṣó rẹ̀ bí ìwọ̀ tí wọ́n fi ń pẹja. Kò sí ẹlòmíràn tó ń gbin irú rẹ̀ ládùúgbò. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, àwọn abọ́ yẹn gbẹ, nítorí Abẹ́rẹ́ kò lè wò wọ́n. Ìwọ̀nba irúgbìn tó ṣẹ́ kù wà láàárín bọ́tìnì nínú agolo lábẹ́ máṣíìnì. Ó mọ̀ pé irúgbìn kì í dúró de èèyàn títí; bó bá pẹ́ sí i, kò ní yàtọ̀ sí bọ́tìnì tó ń sùn tì. Nítorí náà, nígbà tí káńsù fún un ní ilẹ̀, ó gbin gbogbo rẹ̀. Kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Bí ata yẹn bá hù, tó so, ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ṣì wà lórí ilẹ̀. Bí kò bá so, ó tán nìyẹn.

Òfin ìbomirin ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ọmọbìnrin káńsù kan ló ń bójú tó ọgbà. Oníbàtà Rọ́bà ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sẹ́ni tó tíì rí i láìwọ bàtà rọ́bà tó gùn dé orúnkún, ìbáà jẹ́ òjò, ìbáà jẹ́ ọ̀gbẹlẹ̀. Ó kó gbogbo wọn jọ sórí bẹ́ńṣì, ó ní méjì-méjì ni ebè wọ̀nyẹn. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bomi rin tara rẹ̀.

"Ti ẹnìkejì yín lẹ ó máa bomi rin," ló wí. "Òun náà á máa bomi rin tiyín. Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ á ṣe máa wà láàárín yín. Ẹni tí kò bá bomi rin ti ẹnìkejì ẹ̀, káńsù á gba ebè lọ́wọ́ ẹ̀, a ó hú ohun tó wà níbẹ̀, a ó sì fún ẹlòmíràn."

Nọ́ọ̀sì, tó ti fẹ̀yìn tì, bọ́ sọ́wọ́ Oníbúrẹ́dì. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, àwọn méjèèjì ti ń pe ara wọn ní ìbejì, búrẹ́dì gbígbóná sì ti ń wọ ilé Nọ́ọ̀sì láràárọ̀. Abẹ́rẹ́ yíjú sápá ọ̀tún rẹ̀ láti wo ẹni tó bọ́ sí tòun. Awakọ̀ ni.

Ó kù díẹ̀ kó dá ilẹ̀ náà padà fún káńsù.

Ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ ni Awakọ̀. Abọ́ kan náà ni wọ́n fi ń jẹun, nígbà tó ṣì ń wa bọ́ọ̀sì, kó tó fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ tí àrùn àyà gbá ọkọ Abẹ́rẹ́ mú nídìí iṣẹ́, Awakọ̀ ló gbé e sọ́kọ̀, tó ní òun ń gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọkùnrin náà kú kí wọ́n tó débẹ̀. Lẹ́bàá sàárè, níṣojú tẹbí-tará, Abẹ́rẹ́ sọ pé ká ní awakọ̀ yìí kò gba ọ̀nà jíjìn ni, ọkọ òun ì bá máa mí. Awakọ̀ kò fèsì. Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ, láti ọjọ́ yẹn kò sì tún tẹ ẹnu ọ̀nà wọn. Lójú Abẹ́rẹ́, ẹni tí kò jẹ̀bi ì bá ti fèsì.

"Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í ṣe ẹnìkejì mi ni," ló sọ fún àbúrò rẹ̀. "Ẹni tó gbé ọkọ mi lọ tí kò gbé e dé, òun ni kó wá máa gbé omi fún ata ọkọ mi."

"Káńsù ò mọ nǹkan kan nípa ọkọ yín."

"Ìwọ rò bẹ́ẹ̀. Jókòó síbẹ̀ kí o máa rò bẹ́ẹ̀."

Ata náà hù. Ó yọ orí wẹ́ẹ́-wẹ́ẹ́, ó ta ewé, Abẹ́rẹ́ sì ń rìn bí ẹni tí wọ́n dá ohun tó sọnù padà fún. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára Awakọ̀. Fèrèsé yàrá ẹ̀yìn kọjú sí ọgbà gan-an, ibẹ̀ ló sì gbé àga aránṣọ rẹ̀ lọ ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó ní ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ dára.

Ohun tó rí kò dára. Awakọ̀ á dé tòun ti garawa rẹ̀. Á wo apá ọ̀tún, á wo apá òsì. Á gbé garawa kalẹ̀, á kúnlẹ̀ síwájú ebè náà, á sì ki ìka bọlẹ̀ nídìí ata, títí dé ìpìlẹ̀ ìka. Á dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Á yọ ọ́, á gbé e síwájú ojú, á mi orí, á nu ìka náà mọ́ ṣòkòtò, á sì gbé garawa rẹ̀ lọ.

"Wá wò ó," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ó ń ri nǹkan mọ́ ìdí ata mi."

Àbúrò rẹ̀ na ọrùn. "Ìka ló kì bọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí ni ìka ń wá níbẹ̀? Ṣé òrùka ẹ̀ ló já bọ́?"

"Ẹ lọ bi í."

"Kí n lọ bi í, kó lè mọ̀ pé mo ti rí i. Ọgbọ́n yẹn dára, máa fi ṣe àdúrà."

Láti ìgbà yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í jí ní ìdájí. Ohun yòówù kí Awakọ̀ máa rì mọ́lẹ̀, omi ni Abẹ́rẹ́ fẹ́ fi fọ̀ ọ́ jáde. Á yọ́ dé ìdí ẹ̀rọ, á pọn omi kún garawa, á dà á sídìí ata kọ̀ọ̀kan, á tún padà lọ pọn. Èyí lòdì sófin, ó mọ̀. Nígbà tó bá di ọ̀sán, tí àsìkò tó láti bomi rin ti Awakọ̀, á pọn omi lójú gbogbo èèyàn, á rìn lọ sáàárín ebè méjèèjì, á kẹ́yìn sí ti Awakọ̀, á sì da omi náà sórí tòun, kí ẹni tó ń wò lókèèrè má fi mọ̀. Kò wo ebè ọkùnrin yẹn rí. Bó bá fẹ́ kọjá níbẹ̀, ògiri ló máa ń kọjú sí, bí ẹni tó ń kọjá lára ẹni tó bọ́ra sílẹ̀.

Ewé ata bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Abẹ́rẹ́ rí i, inú rẹ̀ bà jẹ́, ó sì tún dùn díẹ̀, nítorí ẹ̀rí dé. Ó fi kún omi. Ewé tún pọ́n sí i, ó tún fi kún omi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìrẹsì lẹ fẹ́ gbìn ni?" ni àbúrò rẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan tó bá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹrẹ̀ bò ó.

"Májèlé ni mo ń fọ̀."

"Ẹ ti fọ̀ ọ́ tó."

"Bó bá tó, kí ló dé tí kò tíì lọ?"

Nọ́ọ̀sì náà dá sí i. Ó dúró lẹ́bàá ebè náà, ó fọwọ́ gbé ewé kan bí ẹni tó ń wo ojú aláìsàn, ó ní, "Ìyá, bíi pé omi ti pọ̀ fún wọn." Abẹ́rẹ́ wò ó láti òkè délẹ̀. Ilé ìwòsàn tí ọkọ òun kò dé yẹn, ṣebí ibẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì yìí ti ṣiṣẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kúrò níbẹ̀. Ó dájú lójú rẹ̀ pé ẹnì kan ló rán obìnrin náà.

Nígbà tí yóò fi di àárọ̀ Sátidé tí káńsù ń bọ̀ wá wo ọgbà, gbogbo ata rẹ̀ ti dùbúlẹ̀. Kò sí èyí tó so ẹyọ kan. Abẹ́rẹ́ kò sunkún. Ó wé gèlè, ó lọ dúró síwájú ebè náà, ó sì dúró de Awakọ̀ àti garawa rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe dé ìdí garawa nìyẹn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀," ni Oníbàtà Rọ́bà wí. Ó dúró sáàárín àwọn méjèèjì, ó na ọwọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Mo ti fara balẹ̀. Ata mi náà ti fara balẹ̀, wò ó nílẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Kí wọ́n da omi yẹn sílẹ̀ ni mo wí. Bí ilẹ̀ bá hó, a ó mọ̀. Bí kò bá hó, màá bu u mu."

"Bàbá, ẹ kúkú dà á, kí ọ̀rọ̀ tán."

"Ọ̀rọ̀ ò ní tán bí mo bá dà á," ni Awakọ̀ fèsì. Ó ń wo ojú bàtà ara rẹ̀. "Ìyàwó, máa lọ sílé. Mo bẹ̀ ọ́."

"Ìyàwó ta ni? Ẹni tó ni ìyàwó ń bẹ nínú ilẹ̀. Gbé garawa yẹn wá."

Ibẹ̀ ni àwọn aládùúgbò wo ara wọn lójú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Abẹ́rẹ́ wọ àdúgbò yẹn, "ẹ" ló fi ń bá Awakọ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́bàá sàárè pàápàá, "ẹ" ló fi bú u. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bo ẹnu. Oníbúrẹ́dì ní, "Ó ti yọ ẹ̀wù ọ̀wọ̀."

Abẹ́rẹ́ kò dúró. Ó kọjá lábẹ́ apá Oníbàtà Rọ́bà, ó já garawa náà gbà lẹ́yìn bàbá yẹn, ó gbé e sókè, ó sì dojú rẹ̀ délẹ̀.

Omi kò jáde. Eruku ló jáde, àti ewé gbígbẹ kan. Lẹ́yìn náà ni aláǹtakùn kan sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú okùn rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí èrò tó ti ń wọ ọkọ̀ ọ̀fẹ́ tipẹ́tipẹ́ tí wọ́n wá sọ fún pé wọ́n ti dé òpin ọ̀nà.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Oníbàtà Rọ́bà bẹ̀rẹ̀ mọ́ ebè Abẹ́rẹ́, ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ilẹ̀, omi sì gba àárín ìka rẹ̀ yọ sókè.

"Màmá, ẹrẹ̀ lèyí. Gbòǹgbò àwọn ata yìí ti jẹrà. Ta ló ń da omi sí i tó báyìí?"

Abẹ́rẹ́ tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ojú Oníbàtà Rọ́bà lọ sọ́dọ̀ Awakọ̀.

"Mo máa ń wá nírọ̀lẹ́," ni Awakọ̀ wí, bí ẹni tí wọ́n fipá mú sọ̀rọ̀. "Mo máa ń ki ìka bọ̀ ọ́ wò kí n tó pọn omi. Omi ni mo máa ń bá nísàlẹ̀. Mo ní kí n má fi kún un. Mo rò pé ó máa dáwọ́ dúró tó bá yá."

Kò sọ ẹni tó rò pé ó máa dáwọ́ dúró. Kò sí ojú kan nínú ọgbà yẹn tí kò yí sọ́dọ̀ Abẹ́rẹ́. Ẹlòmíràn ì bá gbé gèlè rẹ̀, kó wọlé lọ. Ṣùgbọ́n wọn kò bí Abẹ́rẹ́ láti máa fẹ̀yìn rìn.

"Ẹ gbọ́ ọ," ló wí. "Ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́. Kò bomi rin ín. Kí ni òfin káńsù wí?"

"Màmá."

"Mo ní kí ni òfin wí? Àbí àwa opó nìkan ni wọ́n ṣe é fún?"

Oníbàtà Rọ́bà nu ọwọ́ mọ́ ara. "Òfin ní ká gba ebè ẹ̀."

"Ẹ gbà á."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra," ni Oníbúrẹ́dì wí.

"Ṣé ata rẹ ló kú? Lọ po ìyẹ̀fun rẹ. Mo ní kí wọ́n gbà á, kí wọ́n hú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ, lónìí yìí, lójú mi."

Oníbàtà Rọ́bà yíjú sí Awakọ̀. "Bàbá, kí lẹ rí sọ?"

"Òótọ́ ló sọ. Mi ò bomi rin ín. Ẹ gbà á."

Ọmọbìnrin náà mí kanlẹ̀. Ó rìn dé ebè Awakọ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì di igi tó ga jù níbẹ̀ mú nídìí. Abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e kí ojú rẹ̀ lè tó o. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa wo ebè náà.

Igi ata ni wọ́n. Wọn kò ga, ewé wọn kéré, ó nípọn, ṣùgbọ́n wọ́n dúró gbagidi. Láàárín ewé wọ̀nyẹn ni ata pupa wà, gígùn, bẹ̀lẹ̀jẹ̀, tí ṣóńṣó ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja.

"Dúró," ni Abẹ́rẹ́ wí. Ohùn náà kéré débi pé Oníbàtà Rọ́bà nìkan ló gbọ́. Abẹ́rẹ́ gbé ojú sókè sí Awakọ̀. "Níbo lẹ ti rí i?"

"Ọ̀rẹ́ mi ló fún mi nírúgbìn ẹ̀, nígbà ayé ẹ̀. Mo ní kí n gbìn ín síhìn-ín, kó lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ."

Oníbàtà Rọ́bà kò tíì fi igi náà sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kejì ti kan ilẹ̀, ilẹ̀ náà sì fọ́ bíi bísíkíìtì. Ó bu díẹ̀, ó fẹ́ ẹ, eruku gbéra. Ebè náà ti sán. Ìka lè wọ ojú ibi tó sán. Bí kì í bá ṣe ìrì, àti òjò tó ń ṣèèṣì kọjá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, omi kankan kò tíì kàn án láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbìn ín. Ata tó le yìí kàn lágídí ni, ó ní òun kò ní kú.

Oníbàtà Rọ́bà gbójú sókè díẹ̀díẹ̀. Ó wo garawa gbígbẹ tó wà lọ́wọ́ Abẹ́rẹ́. Ó wo Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀. Gbogbo àwọn tó dìde lórí bẹ́ńṣì mọ ẹni tó yẹ kó máa bomi rin ebè yẹn. Bí òfin bá ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Awakọ̀, kò sí bí kò ṣe ní gbà á lọ́wọ́ Abẹ́rẹ́ pẹ̀lú, wọ́n á sì hú ata ọkọ rẹ̀ títí dé èyí tó kẹ́yìn láyé.

"Bàbá," ni Oníbàtà Rọ́bà wí, "ẹ̀yin ni mò ń bi. Ṣé ẹnìkejì yín ń bomi rin tiyín?"

Abẹ́rẹ́ gbé garawa gbígbẹ náà sẹ́yìn.

Awakọ̀ wo ebè tó sán náà. Ó wo eruku tó ṣì wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin káńsù. Ó ṣí fìlà, ó tún un dé.

"Ẹ má hú u," ló wí. "Bí ẹ bá gbà á lọ́wọ́ mi, ìyàwó wa yìí ni kí ẹ fún. Òun kúkú ló ń bomi rin ín, lójoojúmọ́."